Ìbọn tó ń fi gba ife l'Amẹ́ríkà, ẹ̀wọ̀n ni nílé: Bí ọmọ ọdẹ Mùṣin ṣe gbé páìpù kan dé Ládípọ̀

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni, nínú oṣù Kejìlá ọdún 2018. Ládípọ̀ kún dẹ́nu. Àwọn tó ń ta ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ń pariwo, àwọn alábàárù ń ní kí èèyàn yàgò lọ́nà, epo dúdú ń ṣàn lójú gọ́tà bí omi òjò. Àárín ariwo yìí ni ọkùnrin kan tó wọ jíǹsì àti bàtà funfun ti yọjú sí ṣọ́ọ̀bù kan lẹ́yìn ọjà, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀tì gé irin. Ọdún kẹrìndínlógún rèé tó ti kúrò ní Mùṣin, ṣùgbọ́n ẹni tó ni ṣọ́ọ̀bù dá a mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Ọmọ àdúgbò kan náà ni wọ́n, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan náà ni wọ́n lọ. Ọdún mẹ́ta péré ni ara Amẹ́ríkà yìí fi jù ú lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi! Ẹ̀yin rèé? Ìgbà wo lẹ wọ̀lú?"

Wọ́n dì mọ́ra. Wọ́n ra mínírà. Wọ́n bèèrè ẹni tó kú àti ẹni tó ṣì ń bẹ. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ rọlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n fa sípù báàgì ẹ̀, ó yọ táwẹ̀ẹ̀lì kan jáde, ó tú u. Páìpù dúdú kan ló wà nínú ẹ̀, kò gùn ju láti ìgúnpá dé ọrùn ọwọ́ lọ. Ó ń dán, wọ́n ti gé ojú ìdè sí i lẹ́nu, sípíríǹgì gígùn kan sì ká jọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ bí ejò.

"Ṣé o lè ṣe irú eléyìí? Bó o bá lè ṣe ọgọ́rùn-ún kan fún mi, owó ń bẹ níbẹ̀ o."

Ẹnjiníà, bí gbogbo ọjà ṣe ń pe ọ̀rẹ́ ẹ̀, gbé páìpù náà sókè, ó fi ojú kan wo inú ẹ̀. Ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni gbé ọmọ tuntun. Lẹ́yìn náà ló wo ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, páìpù mọ́tò kọ́ lèyí. Kí ni?"

Kí ọ̀rọ̀ yìí tó lè yé èèyàn, ó yẹ kí ẹ mọ ọmọ ẹni tí ọkùnrin náà jẹ́. Bàbá ẹ̀ ni gbogbo àdúgbò Ìdí-Òrò mọ̀ sí Bàbá Ọdẹ. Ẹni tó bá gbé Mùṣin láyé ìgbà ológun yóò rántí irú wọn: dàńṣíkí tó ti gbó, fèrè lẹ́nu, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, ṣakabùlà léjìká. Bó bá di aago méjì òru, Bàbá Ọdẹ á fi irin gbá òpó iná, kò, kò, kò, kí àwọn onílé lè mọ̀ pé ọdẹ ò sùn. Ojúlé-ojúlé ni wọ́n ti ń kó owó oṣù ẹ̀ jọ, oṣù mìíràn sì wà tí kì í pé.

Ṣakabùlà yẹn, gbogbo èèyàn ló mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn ló mọ wàhálà ẹ̀. Ẹnu ìbọn lẹ ó ti da ẹ̀tù sí i, ẹ ó fi ọ̀pá kì í, ẹ ó ti àkísà sí i, ẹ ó da ọta tàbí wẹ́wẹ́ irin lé e, ẹ ó tún kì í. Bẹ́ ẹ bá yìn ín, ó parí nìyẹn. Kí ẹ tó ki òmíràn, olè ti dé Ọjọ́ta. Àwọn alágbẹ̀dẹ tó ń rọ ọ́, páìpù omi tàbí ọ̀pá sítíá mọ́tò ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ń lò. Irin tí wọn ò ṣe fún ẹ̀tù ni wọ́n ń fi gba ẹ̀tù.

Lọ́dún 1994, àwọn adigunjalè kọ lẹ́tà sí àdúgbò náà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe láyé ìgbà yẹn nìyẹn, wọn ò ṣojo, wọ́n á sọ ọjọ́ tí wọ́n ń bọ̀. Àwọn onílé sáré ṣèpàdé, kò sẹ́ni tó dá owó lé owó ọdẹ. Lóru tí wọ́n dá yẹn, Bàbá Ọdẹ fẹ́ kí ìbọn òun dún débi tí àwọn olè á fi rò pé ológun ló wà ní àdúgbò. Ó da ẹ̀tù sí i ní ìlọ́po méjì. Olè dé lóòótọ́, ó yìn ín, olè sì sá. Ṣùgbọ́n ọ̀pá ìbọn bẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Wọ́n gbé e dé ọsibítù ńlá tó wà n'Ídí-Arábà kí ilẹ̀ tó mọ́, ìka méjì ló sì bá a lọ níbẹ̀, lọ́wọ́ òsì.

Ọmọ yìí jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá ẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn. Nǹkan kan wà nínú ìtàn náà tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ìyá ẹ̀ pàápàá ò gbọ́ ọ. Ẹ ó gbọ́ ọ tó bá yá.

Lọ́dún 2002, ó jẹ visa lottery, ó dé Houston ní ìpínlẹ̀ Texas, níbi tí ọmọ Yorùbá pọ̀ sí débi pé ẹ ó rí ẹ̀wà agọ̀nyìn rà. Iṣẹ́ títún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ló kọ́. Ọdún kọkànlá tó ti wà níbẹ̀ ni òyìnbó kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ mú un lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ìbọn díje. Ó ní òun ò lọ. Ó ní ní tàwọn, ìbọn yìn, kò yìn, ẹnìkan kì í jẹ́ kí wọ́n kọjú ẹ̀ sóun. Òyìnbó rẹ́rìn-ín, ó ní kò sẹ́ni tó ń kọjú ìbọn sẹ́nìkan níbẹ̀, ẹni tó bá dán an wò, wọ́n á lé e jáde lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó débẹ̀, ó rí i pé òótọ́ ni. Ìbọn gbogbo ló ṣófo títí wọ́n á fi pe orúkọ èèyàn, ẹnu ìbọn kì í kúrò lápá ibi òkè iyanrìn, ẹni tó bá sì yí i síbòmíràn, àní bó bá jẹ́ ìṣẹ́jú akàn, ilé ló ń lọ.

Eré náà kì í ṣe kékeré láyé àwọn òyìnbó. Ọdún 1976 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àgbáyé ẹ̀, tí wọ́n ń pè ní IPSC, sílẹ̀ ní Columbia, ní Missouri. Ìbọn ìléwọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò. Nígbà tó yá, wọ́n fi ìbọn gígùn kún un, lọ́dún 2012 wọ́n ṣe ìdíje àgbáyé àkọ́kọ́ fún shotgun nìkan ní Hungary, wọ́n sì tún ṣe é ní Faransé lọ́dún 2018 kan náà tí ọmọ Mùṣin yìí wálé. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ni pé wọ́n á to àwo irin sílẹ̀, òmíràn lẹ́yìn pákó, òmíràn lẹ́nu fèrèsé. Aago á dún, èèyàn á máa sáré, á máa yìn, á máa ki ọta mìíràn bó ṣe ń lọ. Ẹni tó bá gbá gbogbo ẹ̀ lulẹ̀, tí àkókò ẹ̀ sì kéré jù, òun ló mókè.

Níbi kíki ọta yìí ni gbogbo ìjàngbọ̀n wà. Shotgun, ìbọn tí àwọn ọdẹ òyìnbó fi ń pa ẹyẹ, nọ́ńbà 12 lọ̀pọ̀ wọn ń lò níbi ìdíje. Ohun tó fà á tí wọ́n fi ń pè é ní 12 ni pé bí ẹ bá da òjé sí bọ́ọ̀lù tó wọ ẹnu ìbọn náà gẹ́lẹ́, méjìlá ẹ̀ ló ń wọn pọ́ùn kan. Èyí tó sì ń fúnra ẹ̀ gbé ọta sẹ́nu ni wọ́n fi ń sáré: ẹ fà á lẹ́ẹ̀kan, ọta kan lọ, èèpo ẹ̀ fò síta, òmíràn ti wọlé. Ṣùgbọ́n bó ṣe jáde nílé iṣẹ́, ọta tó ń gbà kò pọ̀. L'Amẹ́ríkà pàápàá, ẹni tó bá fẹ́ fi í pa pẹ́pẹ́yẹ ìgbẹ́, òfin ìjọba àpapọ̀ wọn ni pé ìbọn náà ò gbọdọ̀ gbà ju ọta mẹ́ta lọ.

Ọkùnrin yìí ra Benelli, ìbọn tí àwọn ará Urbino ní Ítálì ń ṣe láti ọdún 1967. Owó ẹ̀ lé ní 1,000 dọ́là. Ìyàwó ẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta gbáko bínú, ó ní owó tó yẹ kí wọ́n fi parí ilé Ìkòròdú ló fi ra irin. Kò tíì mọ̀ pé rírà nìkan kọ́ ni ìnáwó. Ẹni tó bá fi ìbọn díje kì í fi í sílẹ̀ bó ṣe rà á. Ó kọ́kọ́ fi páìpù kún ibi tí ọta ń wọ̀ sí, èyí tó wà lábẹ́ ọ̀pá ìbọn, kó lè gba ọta mẹ́sàn-án. Ó ní kí wọ́n fẹ ojú ibi tí wọ́n ti ń ki ọta, nítorí bó ṣe wá látilẹ̀ ń gé e lọ́wọ́ bó bá ń sáré, èékánná àtàǹpàkò ẹ̀ ti bọ́ lẹ́ẹ̀méjì. Wọ́n tọ́jú tírígà ẹ̀ kó rọ̀. Ó pààrọ̀ irin tí wọ́n fi ń fà á sẹ́yìn sí èyí tó tóbi bí ìka ọwọ́. Ó fi ẹyin tó ń tàn bí iná bọ iwájú ẹ̀ kó lè tètè rí ibi tó ń yìn sí.

Gbogbo ìyẹn dáa, òwò tó mú ọpọlọ wá ni. Bó bá dúró síbẹ̀, kì bá má sí ìtàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti tọ́ ìnáwó wò lórí nǹkan tó fẹ́ràn, ẹ mọ̀ pé kì í mọ ibi tó yẹ kó dúró. Ó tún fi páìpù tó gùn jù rọ́pò ti àkọ́kọ́. Ó so àpò ọta mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Ó de tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọn, bẹ́ẹ̀ ọ̀sán gangan ni wọ́n ń díje. Ìbọn náà wá rí bí ìyàwó tí wọ́n fi gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ ìdílé dì.

Lọ́jọ́ ìdíje kan lọ́dún 2016, ó wà nípò kejì, ó ku ìpele kan. Aago dún, ó yìn, àwo kan lulẹ̀. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì, kẹ. Kò sí nǹkan. Èèpo ọta àkọ́kọ́ há sẹ́nu ihò tó yẹ kó gbà jáde. Ó yọ ọ́, ó yìn, ó tún há. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí wọ́n fi dá a dúró. Ipò kọkàndínlógún ló bọ́ sí.

Bàbá àgbà òyìnbó kan tó ti ń yìnbọn láti ìgbà ogun Vietnam ló pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́. Kò bá a wí. Ó kàn gba ìbọn náà, ó gbé e wò lọ́wọ́, ó mi orí. Ohun tó ṣàlàyé fún un nìyí. Irú ìbọn tó rà yẹn, òun fúnra ẹ̀ gbọ́dọ̀ ta sẹ́yìn kí irin inú ẹ̀ tó lè ṣiṣẹ́. Ẹ fi wé ẹni tó dúró nínú mọ́lúè l'Ójúẹlẹ́gba tí dírẹ́bà dédé tẹ iná: mọ́tò á fò síwájú, ẹni tó dúró á fẹ́ ṣubú sẹ́yìn. Bó ṣe rí nìyẹn. Bí ìbọn bá ta sẹ́yìn, irin inú ẹ̀ kì í tètè bá a lọ, sípíríǹgì líle tó wà láàárín wọn á fún pọ̀, bó bá sì ti tú padà, òun ló ń ti irin náà sẹ́yìn tó fi ń tu èèpo dànù. Ṣùgbọ́n bí mọ́lúè bá kún àkúnfàya, kò ní lè fò mọ́, ẹni tó dúró nínú ẹ̀ ò ní mira. Ọkùnrin yìí ti di ẹrù lé ìbọn ẹ̀ lórí débi pé kò lè ta sẹ́yìn bó ṣe yẹ, ọta fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí agbára ẹ̀ kéré ló sì tún rà nítorí owó.

Ó tú tọ́ọ̀ṣì. Ó tú àpò ọta. Ó dá páìpù kúkurú padà, ó sì ra ọta tó lágbára díẹ̀ sí i. Láti ọjọ́ náà, ìbọn ò há mọ́. Lọ́dún 2017, ó gba ife àkọ́kọ́, ife kékeré bí ife tíì, ó sì gbé e sórí tẹlifísàn. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni ní Texas pé lálẹ́ ọjọ́ tí ìbọn há yẹn, ọwọ́ òsì bàbá òun lòun ń rí lójú àlá.

Wàyí o, kí ló dé tí páìpù fi dé Ládípọ̀? Owó ni. Irú páìpù bẹ́ẹ̀ ń lọ sí bí 80 dọ́là. Dọ́là kan lọ́jà dúdú nígbà yẹn ti lé ní 350 náírà. Ó ṣírò ohun tí irin àti iṣẹ́ ọwọ́ á ná an ní Mùṣin, ó rí i pé bóun bá ṣe ọgọ́rùn-ún, òun á rí owó ilé Ìkòròdú padà, ìyàwó á sì dákẹ́. Ìgbà tó ń bọ̀ fún ọjọ́ ìbí ọgọ́rin ọdún bàbá ẹ̀, ó sọ ọ́ sínú àpótí. Orí ló kó o yọ. Amẹ́ríkà gan-an ò gbà kí wọ́n gbé irú páìpù bẹ́ẹ̀ jáde láìgbàwé àṣẹ, òun ò sì bèèrè.

Ti ilé ló tún wá le jù. Òfin ìbọn orílẹ̀-èdè yìí, láti ọdún 1959 ló ti wà. Aráàlú lè gbàwé àṣẹ fún shotgun lásán, ṣùgbọ́n òfin náà yọ èyí tó bá ń fúnra ẹ̀ gbé ọta sẹ́nu sílẹ̀ pátápátá, àti èyí tó bá ní ẹ̀rọ tó ń ki ọta. Àti pé ẹ̀yà ara ìbọn, ìbọn ni lójú òfin yẹn. Ẹni tó mú páìpù lọ́wọ́ ò lè ní òun ò mú ìbọn.

Ẹnjiníà ò ka òfin, ṣùgbọ́n ó ń gbọ́ ìròyìn. Ó rántí oṣù Kìíní ọdún 2017, nígbà tí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù mú ọkọ̀ akẹ́rù kan lọ́nà Mile 2 tó kó ìbọn pọ́ḿpù 661 sábẹ́ ìlẹ̀kùn irin. Ó rántí oṣù Kejì ọdún 2018, nígbà tí Ibrahim Idris, ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá nígbà náà, pàṣẹ pé kí wọ́n gba gbogbo ìbọn tí kò bófin mu kárí orílẹ̀-èdè. Ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ máà bínú. Ọmọ mẹ́rin ni mo ní. Bí wọ́n bá ká eléyìí mọ́ mi lọ́wọ́, ta ló máa gbọ́ pé eré ìdárayá ni? Ọdún mẹ́wàá ni wọ́n á kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó bi mí lórúkọ. Ẹ̀yin á wà lókè òkun."

"Irin lásán ni o. Kò lè pa ẹṣin."

"Ẹ gbé e lọ fi han Bàbá Ọdẹ. Bí wọ́n bá ní kí n ṣe é, mo ṣe é."

Ọ̀rọ̀ àgbà ni ọmọdé fi dè é yìí. Ó mọ̀ pé kò ní lọ.

Ó lọ. Bàbá jókòó síta bó ṣe máa ń jókòó láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀, rédíò létí. Ọmọ kọ́kọ́ fi fọ́nrán ìdíje hàn án lórí fóònù. Bàbá sún mọ́ ọn, ó ń wo bí ọmọ òun ṣe ń sáré tó ń yìn, àwo ń ṣubú gbà, gbà, gbà.

"Mélòó lo yìn yẹn?"

"Mẹ́sàn-án ni, Bàámi, kí n tó ki òmíràn."

"Mẹ́sàn-án! Èmi, ọ̀kan ṣoṣo ni mo ń ní. Bí mo bá tàsé, ẹsẹ̀ mi ló kù." Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀. "Wọ́n sì fún ẹ ní ife?"

"Wọ́n fún mi, sà."

Ìgbà náà ló wá tú táwẹ̀ẹ̀lì. Ó ṣàlàyé ohun tó fẹ́ ṣe. Bàbá gba páìpù náà, ó fi ìka mẹ́ta tó kù lọ́wọ́ òsì ra á láti òkè délẹ̀. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀.

"Àkànní, o rántí òru ọjọ́ yẹn?"

Ọkùnrin náà ò dáhùn.

"Mo ti da ẹ̀tù tán. Ìwọ lo ní, 'Bàámi, ẹ fi kún un, kó lè dún dáadáa.' Mo fi kún un."

Ọdún mẹ́rìnlélógún rèé, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ láàárín àwọn méjèèjì. Ọkùnrin náà rò pé bàbá ẹ̀ ti gbàgbé, tàbí pé ariwo òru yẹn ò jẹ́ kó gbọ́. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ǹtì, jíǹsì funra ẹ̀. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò dúró, wọ́n ń wò ó.

"Dìde, o ń dọ̀tí aṣọ ẹ. Èmi ni mo mú ìbọn lọ́wọ́, èmi ni mo mọ irin tí mo ń lò, ọmọdé ni ìwọ. Mi ò bá ẹ jà nígbà yẹn, mi ò ní bá ẹ jà báyìí. Àmọ́ má lọ sọ fún ọmọ ẹlòmíràn pé kó fi kún un. Ìka tiẹ̀ ni."

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ lórí páìpù nìyẹn, wọn ò tún dárúkọ ẹ̀ mọ́ lọ́jọ́ náà. Wọ́n jẹ àmàlà. Wọ́n sọ̀rọ̀ nípa kánópì àti iye ìrẹsì tí wọ́n máa sè.

Lówùúrọ̀ Mọ́ńdè, ọkùnrin náà padà sí Ládípọ̀. Kò sọ ohun tí bàbá wí, Ẹnjiníà náà ò sì bi í. Wọ́n jọ de páìpù mọ́ ẹ̀rọ, Ẹnjiníà sì gé e wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni gé gbúgbúrú, òrùka-òrùka ló ń já bọ́ sílẹ̀. Sípíríǹgì náà, ó gé e sí mẹ́rin, ó sọ ọ́ sínú àgbá tí wọ́n ń kó pàǹtí irin sí. 80 dọ́là lọ bẹ́ẹ̀. Ìyàwó ò tíì gbọ́.

Òrùka kan ló ṣẹ́kù lórí tábìlì, tí ẹnu ẹ̀ rí mìnìjọ̀. Ẹnjiníà fi fáìlì yún un, ó ní kó mú un lọ fún bàbá, ó wọ ìdí ọ̀pá ìtilẹ̀ ẹ̀ rẹ́gí. Lọ́jọ́ ìnáwó, tí onílù ń ki Bàbá Ọdẹ, tí wọ́n ń na owó mọ́ ọn níwájú, bàbá fi ọ̀pá yẹn gbá símẹ́ǹtì, kò, kò, kò, àwọn àgbà àdúgbò tó rántí sì bú sẹ́rìn-ín.